Bí Ọdẹ́níran Ṣe Lọ Béèrè Ohun Tó Ń Pa Òdán Ìlú Ìbòòji

Ẹ fara balẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ húkọ́ hú u tán, nítorí ọ̀nà ìtàn yìí jìn, a kò sì ní í dúró de ẹnikẹ́ni láàárín igbó. Ìtàn Ọdẹ́níran ni, ọdẹ ìlú Ìbòòji, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tó dàgbà tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́. Ó máa ń lu àyà kó tó bẹ̀rẹ̀. Yóò ní kò sí ọdẹ mìíràn láyé tó lọ sígbó tí kò pa ẹran kankan, tí gbogbo ìlú sì tú jáde wá pàdé rẹ̀ bí ẹni pé erin ló gbé bọ̀.

Ẹni tó bá dé Ìbòòji láyé ìgbà náà kò lè gbàgbé rẹ̀. Oòrùn kì í dé ilẹ̀ níbẹ̀. Láti ẹnubodè títí dé ọjà, láti ọjà títí dé ààfin, igi òdán ló wà lọ́tùn-ún lósì, orí wọn pàdé lókè bí àjà ilé. Abẹ́ òdán ni àwọn àgbà ti ń ta ayò, abẹ́ òdán ni wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya, abẹ́ òdán náà ni wọ́n ti ń gba àlejò tí wọn kò fẹ́ kó wọlé. Títí di òní, bí ooru bá mú ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí, òdán wọ̀nyẹn ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ sí, kó tó rántí omi.

Ìyá kan ṣoṣo ló bí gbogbo igi náà. Òdán kan wà níwájú ààfin tí ẹni tó tẹ ìlú dó gbìn. Bí ọmọ Ìbòòji bá kọ́lé, kó tó gbé ìlẹ̀kùn sí i, yóò lọ gé ẹ̀ka kan lára òdán ààfin, yóò rì í mọ́lẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ẹ̀ka náà yóò sì hù. Ẹni tí kò bá ní òdán ààfin níwájú ilé, àlejò ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n tilẹ̀ sin bàbá bàbá rẹ̀ sínú ìlú.

Àṣà kan tún wà. Bí òdán bá wó tàbí tó gbẹ, ẹnì kan kì í dá igi rẹ̀ mú lọ dáná. Wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á sì pín in dé gbogbo àdúgbò, nítorí igi tó ti ṣíji bo gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀tún Fádèyí, ìjòyè tó tẹ̀ lé ọba, ló ń pín in. Kò yan ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ó mọ opó tí kò ní ọmọ, ó mọ arúgbó tí kò lè rìn, tiwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ènìyàn dáadáa ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ má bàa bínú sí i tó bá yá.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, òdán tó wà lẹ́nubodè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé nígbà tí òjò ń rọ̀. Ìyẹ̀fun kan ń dà láti inú èèpo rẹ̀, ó kúnná bí èlùbọ́. Láìpẹ́, ẹ̀ka kan já lulẹ̀, ó pa ewúrẹ́ ẹnì kan, igi náà sì gbẹ. Fádèyí pín in. Kí oṣù náà tó tán, òdán kan bẹ̀rẹ̀ lọ́jà, òmíràn bẹ̀rẹ̀ nídìí àgbẹ̀dẹ, òmíràn bẹ̀rẹ̀ létí odò, ibi tí kò súnmọ́ ara wọn rárá. Wọ́n gbẹ, wọ́n sì pín àwọn náà. Ìlú fi ata ṣe èéfín sí igi, wọ́n fi ẹfun kùn ún, wọ́n bu eérú sí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni oòrùn ń gba ojú títì lọ́wọ́ wọn.

Ọdẹ́níran ní òdán tirẹ̀ níwájú ilé, ó ṣì tutù minimini. Ọjọ́ tó gbé Àwẹ̀ró níyàwó ló rì í mọ́lẹ̀. Onídìrí ni Àwẹ̀ró, abẹ́ òdán yìí sì ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ ṣùkú tí kò ní í tú kíákíá, abẹ́ òdán Àwẹ̀ró ni yóò wá jókòó sí, yóò gbọ́ ìròyìn gbogbo ìlú, yóò sì gbọ́ èébú díẹ̀ pẹ̀lú tí orí rẹ̀ kò bá dúró jẹ́ẹ́. Bí Ọdẹ́níran ti ń rí i tí àwọn igi yòókù ń gbẹ, ojú rẹ̀ kò kúrò lára èyí.

Ọba pe ìpàdé. Ó ní igi inú igbó kò kú, igi inú ilé ló ń kú, kí ẹnì kan lọ bi igbó léèrè ohun tó mọ̀ tí àwọn kò mọ̀. Gbogbo ojú wá yí sí Ọdẹ́níran, nítorí òun ló máa ń fọ́nnu nídìí ẹmu pé kò sí iwin tí kò mọ ohùn òun. Ó fẹ́ sọ pé ohùn òun ti há lọ́jọ́ mẹ́ta yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Nígbà tó ń dira, Àwẹ̀ró kò wo ojú rẹ̀, irun ẹnì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Baálé mi, ẹ má lọ bá iwin jìjàkadì o. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ padà wálé. Bí òdán yìí bá gbẹ, èmi ò mọ ibi tí mo tún fẹ́ jókòó sí.”

Ó wọ igbó lọ. A kò ní í fi odò àti òkè tó kọjá da yín láàmú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tó ti pàdé Akójìji. Iwin yìí ga tó ọ̀pẹ, ó ru ẹrù ńlá kan tó dà bí ẹní tí wọ́n ká, gbogbo rẹ̀ dúdú. Ọdẹ́níran rò pé oníṣòwò ẹní ni, ó kí i pé ẹ kú ẹrù. Iwin náà dáhùn pé kì í ṣe ẹní, òjìji igi tó ti kú ni. Ó ní bí igi bá kú, òjìji rẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò lọ, òun ló máa ń ká a tí òun ń gbé e pamọ́. Ó tú ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bó ti tẹ́ ẹ, ara tu Ọdẹ́níran pẹ̀sẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òjìji òdán ọjà ni, èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀. Òórùn aáṣáà ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọdẹ́níran gbàgbé ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí. Ó di òjìji náà mú pé ti ìlú àwọn ni, ó fẹ́ gbé e lọ ilé. Iwin fà á, òun náà fà á, wọ́n wọ̀yá ìjà. Ọdẹ́níran máa ń sọ pé òun ló borí, pé òun gbé iwin ṣánlẹ̀ tí àwọn ẹyẹ fi pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún títí tó fi di arúgbó jẹ́rìí sí ohun mìíràn. Nígbà tó tún lè mí dáadáa, ó bá ara rẹ̀ lórí ẹ̀ka igi, Akójìji sì ń ká ẹrù rẹ̀ padà ní pẹ̀lẹ́, kò tilẹ̀ bínú.

Ó ní òun yóò jẹ́ kó kọjá tó bá lè já àlọ́ kan: “Kí ló kú sójú kan, tí ó wá rìn wọ ogún ilé?”

Ọdẹ́níran ní òkìkí ológun ni. Iwin ní rárá. Ó ní àrùn ìgbóná ni. Iwin ní ó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ó wá ní kó máa lọ, kó fi òjìji ara rẹ̀ dógò títí yóò fi rí ìdáhùn. Ó tẹ̀ ba sẹ́yìn Ọdẹ́níran, ó bó òjìji rẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí ẹni bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ká a, ó fi há abíyá. Ọdẹ́níran ń lọ nínú oòrùn, kò sí nǹkan kan tó ń tẹ̀ lé e. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń rìn ní òun nìkan ṣì ní ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Ìlú kan ló dé lẹ́yìn èyí, Ojúkan ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin ibẹ̀, obìnrin ibẹ̀, àgbà àti ọmọdé, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, pẹ̀lú àpá kékeré kan náà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Baálẹ̀ gbà á lálejò, ó sì ń yangàn fún un. Ó ní ìyá àwọn kò fẹ́ àjèjì láàárín ọmọ rẹ̀, ló bá ń gé ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbìn ín, ìka sì ń di ènìyàn. Ó ní láti ìgbà náà kò sí ìjà nílùú, kò sí pé ẹnì kan rẹwà ju ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń ṣe ìlara ìyàwó ẹlòmíràn, nítorí kí ni yóò rí níbẹ̀ tí kò sí nílé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Ọdẹ́níran. Ó ní àwọn náà ní irú rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n igi ni tàwọn.

Kò tíì gbé omi tí wọ́n bù fún un mì tán tí bàbá kan níparí ìlú fi húkọ́. Baálẹ̀ húkọ́. Ìyàwó rẹ̀ húkọ́. Àwọn tó wà lóko ń húkọ́ bọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ nínú ìlú, gbogbo wọn sùn sílẹ̀ gbalaja, kò sì sí ẹnì kan tó lè fa omi fún ẹnì kejì. Ọdẹ́níran nìkan ló ń ti ilé bọ́ sí ilé pẹ̀lú kèrègbè. Baálẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Àlejò, ìwọ nìkan ni ohun yìí kò mọ̀. Àwa, bó ti mọ ẹnì kan, ó ti mọ gbogbo wa.”

Àwọn tó dìde níkẹyìn kò pọ̀. Àwọn tí kò dìde, Ọdẹ́níran ló sin wọ́n, bákan náà sì ni gbogbo ojú wọn rí, kò mọ ẹni tó sin àti ẹni tó kù. Bó bá dé ibí yìí nínú ìtàn, kì í fọ́nnu. Yóò kàn mu omi díẹ̀, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn tó kù ló fi ọ̀nà Ìyá Agbingi hàn án, iwin tó mọ ọ̀rọ̀ igi ju gbogbo ayé lọ. Ìyá yìí kò ga ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ, ẹ̀yìn ló sì kọ sí gbogbo ẹni tó bá wá kí i, nítorí ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára èèhù igi tó ń tọ́jú. Inú ìkarahun ìgbín ni èèhù kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n tò lọ lábẹ́ àwọn igi ńlá títí ojú kò fi rí òpin wọn, kò sì sí méjì tó jọra tó wà nítòsí ara wọn. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́. Ìyá náà kàn rún ewé kan, ó ní kó fi pa ara, kó sì wọ inú igi tó ti kú tó wà lẹ́yìn òun lọ, kó lọ gbọ́ fúnra rẹ̀.

Ewé náà sọ ọ́ di kíún bí ẹ̀ẹ̀rà. Ó gba ojú ihò kan wọlé. Inú igi náà kún fún ọ̀nà, ọ̀nà já sí ọ̀nà títí tó fi dé inú òdán Ìbòòji, ìyẹ̀fun kan náà tó ti rí nílé ló sì wà nílẹ̀ gbogbo wọn. Ìdin funfun, tó sanra, tí orí wọn pọ́n, ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Wọ́n jókòó yí àgbà wọn kan ká, ó ń sọ ìtàn fún wọn bí a ti ń sọ èyí fún yín. Ó ní láyé àwọn baba àwọn, ìyà jẹ kòkòrò. Ìyẹ́ wọn kò lágbára, wọn kò lè fò kọjá ibi tí ọmọdé lè sọ òkúta dé. Bí wọ́n bá jẹ igi kan tán, tí igi tó wà nítòsí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n lè jẹ, ebi ló ń pa wọ́n kú.

Ó wá rẹ́rìn-ín. “Àfi ìgbà tí a dé Ìbòòji. Ọ̀tọ̀ ni ènìyàn tibẹ̀. Bí a bá jẹ igi tán, wọn á gé e, wọn á gbé wa lérí, wọn á gbé wa dé ẹnu ọ̀nà oúnjẹ mìíràn. Ọ̀tún Fádèyí ni orúkọ bàbá tó ń rán wọn. Kó pẹ́ fún wa.”

Gbogbo ìdin ṣe àmín. Ọ̀kan nínú wọn ní òun gbọ́ pé ní ilé ọdẹ kan báyìí, ìdí òdán tó tutù jù lọ nílùú ni wọ́n to ìpín wọn sí. Wọ́n tún ṣe àmín.

Ọdẹ́níran jáde, ó nu ewé náà kúrò lára, ó sì padà sí bó ṣe ga tẹ́lẹ̀. Ó ti rántí. Lọ́sẹ̀ tó kúrò nílé, ìpín igi ìdáná àwọn dé, òun fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rù ú wá, Àwẹ̀ró sì to igi náà síbi tí òjò kò ti lè pa á, nídìí òdán.

Ìyá Agbingi wá sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Kí wọ́n gé gbogbo igi tó ń ṣàìsàn, kí wọ́n sì sun ún níbi tó wó sí, kí ẹnikẹ́ni má mú ohun tó tó pákò lọ ilé. Igi tó bá wà nítòsí èyí tó ń ṣàìsàn, tàbí tí wọ́n ti to igi ìpín sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n gé òun náà, ìbáà tutù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbìn, kí wọ́n má tún gé ẹ̀ka lára ìyá kan náà. Kí wọ́n gbin oríṣiríṣi, kí igi má bá ìbátan rẹ̀ ṣe aládùúgbò.

Ọdẹ́níran kúnlẹ̀. Ó ní ìyá, ọ̀kan wà tó tutù gan-an, bóyá kòkòrò kò tíì wọ̀ ọ́, bóyá wọ́n lè yọ ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá náà bi í bóyá tirẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Gbogbo wọn ló ní tiwọn, ọmọ Ìbòòji. Bí oníkálukú bá yọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ni o wá gbà lọ́wọ́ mi?”

Ó kó ìkarahun ìgbín kún àpò ọdẹ rẹ̀, èèhù ìṣín, ti ayùnrẹ́, ti afàrà, ti àgbálùmọ̀, ti mọ́ńgòrò, ti akòko, àti àwọn mìíràn tí Ọdẹ́níran kò mọ orúkọ wọn. Ìyá náà kò yíjú padà láti kí i pé ó dàbọ̀.

Lójú ọ̀nà, ó pàdé Akójìji, ó ní òdán Ìbòòji ni ìdáhùn, ó kú sójú kan, ó sì gun orí ènìyàn rìn wọ ogún ilé. Iwin náà yọ òjìji rẹ̀ lábíyá, ó tẹ́ ẹ padà sílẹ̀ fún un. Ó ti rún díẹ̀. Akójìji bi í bóyá wọ́n ti ń múra nílé, nítorí òun ń bọ̀ wá kó púpọ̀ níbẹ̀, òun kò sì fẹ́ wá lẹ́ẹ̀mejì.

Bó ti wọ ẹnubodè, ìlú tú jáde. Wọ́n rí àpò rẹ̀ tó wú, wọ́n bi í bóyá ìgbín ló lọ ṣà. Ẹnì kan ní bó bá jẹ́ ìgbín ni, kó pín in. Ọdẹ́níran ro gbogbo rẹ̀ lójú ọba, ó sọ ti Ojúkan, ó sọ ti ìdin, kò fi àdúrà tí wọ́n gbà fún Fádèyí pamọ́. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọ̀tún Fádèyí dìde, ohùn rẹ̀ kò ga.

“Ọdẹ́níran, láti ọdún tí mo ti ń pín igi yìí, ǹjẹ́ oore ni mò ń ṣe àbí ibi?”

“Oore ni, Bàbá. Oore náà ni kòkòrò gùn.”

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbà kí wọ́n gé igi tó ti gbẹ. Wọ́n gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú, kí wọ́n má pín in. Ṣùgbọ́n igi tó tutù, wọ́n ní ọba kan kò tíì jẹ tó ní kí wọ́n gé òdán tútù. Onílé kọ̀ọ̀kan ń sọ ìdí tí tirẹ̀ kò fi kan ọ̀rọ̀ yìí. Alágbẹ̀dẹ kan ló wá béèrè ohun tí gbogbo wọn ń rò. Ó ní òdán wo ló tutù jù nílùú, ìdí igi ta ni wọ́n sì to ìpín sí. Ọdẹ́níran kò wo ẹnikẹ́ni. Ó yá àáké lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ náà, ó kọrí sí ilé rẹ̀, ìlú sì ń tẹ̀ lé e, ọba pẹ̀lú.

Àwẹ̀ró wà lábẹ́ òdán, orí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ìròyìn ti ṣáájú ọkọ rẹ̀ dé, ó máa ń ṣáájú gbogbo ènìyàn dé ọ̀dọ̀ onídìrí. Ó kí i káàbọ̀. Ó béèrè bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ dára, nítorí ó rí i pé ó ń tẹ̀ rìn. Lẹ́yìn náà ló wá wo àáké.

“Ṣé kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ ni?”

“N kò mọ̀.”

“Ẹ ò mọ̀, ẹ sì fẹ́ gé e.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àwẹ̀ró.”

Ó wo òkè, ó wo ewé fún ìgbà díẹ̀. Ìyàwó tó ń dìrí fẹ́ dìde, ojú ń tì í níwájú ọba. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ tẹ orí rẹ̀ padà.

“Ẹ jẹ́ kí n parí orí ọmọ ọlọ́mọ.”

Báyìí ni ọba àti ìjòyè àti gbogbo Ìbòòji ṣe dúró, tí wọ́n ń wo bí wọ́n ti ń di ṣùkú. Kò sáré. Ó fi ìlarun la èyí tó kù, ó di í, ó ká a, ó fi òróró pa á, ó ní kí ìyàwó náà yí orí sọ́tùn-ún, kó yí i sósì. Ó rí ọ̀kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un dì. Nígbà tó parí, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, ó kúrò lábẹ́ igi.

Ọdẹ́níran gé e. Ó pẹ́, nítorí igi tó le ni. Nígbà tó wó, oòrùn já sí iwájú ilé náà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó dúró níbẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Wọ́n súnmọ́ ọn láti wo inú rẹ̀. Inú rẹ̀ funfun nini bí iṣu tuntun. Kò sí ihò, kò sí ìyẹ̀fun, kò sí ìdin kan. Wọ́n la ẹ̀ka rẹ̀, bákan náà ni. Ẹnì kan ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ o. Ọdẹ́níran dúró, àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbé ojú sókè.

Fádèyí ya ènìyàn láàárín, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí wọ́n gé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó fi Ọdẹ́níran ṣe ẹlẹ́yà ti ń la ẹnu dè é.

“Ìyẹ̀fun ti ń dà lára tèmi láti oṣù tó kọjá,” ni ohun tó wí. “Fún mi ní àáké yẹn.”

Ó gbà á, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Alágbẹ̀dẹ tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn tẹ̀ lé alágbẹ̀dẹ. Àwọn tó ṣẹ́kù dáná sun òdán ọdẹ níbi tó wó sí, kò sì sí ẹni tó mú ẹyọ kan lọ ilé. Àwẹ̀ró ti gbé àpótí rẹ̀ sí apá kejì ọgbà, ó fi ìborùn bo orí nítorí oòrùn, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin orí ta ni òun tún fẹ́ dì.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́níran máa ń dákẹ́ sí, a ó sì bá a dákẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé igi wo ló wá gbìn sí ojú ibẹ̀, yóò ní ìṣín ni, pé ó dàgbà dáadáa, ṣùgbọ́n irun tí Àwẹ̀ró ti dì nínú oòrùn pọ̀ kó tó bò ó.